Ìwọ̀n Méjì Lójú Ọ̀nà Kòkó

Mo fẹ́ mú yín rin ìrìn-àjò kan, láti Ìbàdàn dé agbègbè Ìdànrè, ní ojú ọ̀nà tí kòkó ń gbà. Kì í ṣe nítorí àwọn òkè Ìdànrè ni mo ṣe ń kọ̀wé yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tó ohun tí ènìyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò. Ọ̀rọ̀ sìkéèlì ni ó gbé mi lọ.

Ẹni tí ó bá dúró ní Dùgbẹ̀ ní Ìbàdàn kò ní ṣàì gbé ojú sókè wo Ilé Kòkó. Ilé alájà 26 ni, 1965 ni wọ́n sì parí rẹ̀. Iná jó o ní 1985, wọ́n tún un ṣe, wọ́n ṣí i padà ní 1992. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí mọ orúkọ ilé náà dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi wọ́n léèrè ìdí tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú wọn á kàn máa wò yín lójú ni. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ ọ. Owó kòkó náà ni ó wà lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ní 1955, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa fi mọ ìwé tí wọ́n fi ń ka Bíbélì fún wa. Ṣùgbọ́n kí owó yẹn tó di ilé, kí ó tó di ìwé, orí ìwọ̀n ni ó ti kọ́kọ́ kọjá, ní abúlé, lójú àgbẹ̀ tí kò lè ka ohun tí ó wà lójú ìwọ̀n náà.

Ìyìn rere àti kòkó jọ rìn ni ní ilẹ̀ Yorùbá. Jacob Kehinde Coker, ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú Ìjọ African Church tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1901, ní oko kòkó ńlá ní Ìfàkò lẹ́bàá Agége. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin láti ìlú òkè wá ń ṣe lébìrà ní àwọn oko Agége. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń gbin kòkó níbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gbọ́ ọ̀rọ̀ Ọlọ́run níbẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí wọ́n padà sí ìlú wọn, irúgbìn méjèèjì ni wọ́n gbé lọ. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá ń sọ fún mi pé ọ̀rọ̀ ọjà kò kan pẹpẹ, ẹ̀rín ni mo máa ń fi í rín.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023, ìjọ kan ní abúlé kan ní agbègbè Ìdànrè ránṣẹ́ pè mí láti wá kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Bíbélì fún ọjọ́ mẹ́ta. N kò ní dárúkọ abúlé náà, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀. "Òtítọ́ Nínú Òwò" ni àkọlé tí wọ́n fún mi. Lẹ́tà tí pásítọ̀ wọn kọ kò gùn, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí kò jẹ́ kí n sùn: àwọn àgbẹ̀ tí ó wà nínú ìjọ kò gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́wọ́ díákónì kan mọ́. Olùra kòkó ni díákónì náà.

Mo wọ ọkọ̀ ní gáréèjì Ìwó Róòdù. Owó ọkọ̀ ti di nǹkan mìíràn láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù karùn-ún ọdún náà, àwọn èrò sì ń fi ìkùnsínú wọlé. A kọjá Aṣèjìrè, a dé Ìkirè, níbi tí àwọn obìnrin ti ń sáré tọ ọkọ̀ pẹ̀lú dòdò pupa wọn tí a wé sínú ewé. (Mo rà á. Ẹni tí ó kọjá Ìkirè tí kò ra dòdò, kì í ṣe èmi.) Lẹ́yìn ibẹ̀ ni àwọn kan dá wa dúró lójú ọ̀nà. Kí ọkọ̀ tó dúró tán, awakọ̀ wa ti ká owó sí àtẹ́lẹwọ́, ó nawọ́ síta bí ẹni tí ń kí ènìyàn, a sì lọ. Ìyá kan bi í pé èló ni. Ó ní, "Màmá, ẹ má da ara yín láàmú, ó wà nínú owó ọkọ̀ tí ẹ san." Gbogbo wa dákẹ́. Mo fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn, nítorí mo tún máa pàdé rẹ̀ níwájú.

Nígbà tí a dé Ilésà, mo ṣí fìlà mi nínú ọkọ̀. Ní Òkè-Oòyè, ní ìlú yẹn, ní 1930, ni Ọlọ́run lo Wòlíì Joseph Ayọ̀ Babalọlá nínú ìsọjí ńlá tí gbogbo wa ń sọ títí di òní. Àwọn ènìyàn gbé ère àti òògùn wọn jáde, wọ́n kó wọn dànù níwájú gbogbo ayé. Inú mi máa ń dùn nígbàkígbà tí mo bá ronú nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, bí mo ti ń lọ ibi tí mo ń lọ, mo bi ara mi léèrè pé: ìwọ̀n èké ńkọ́? A ti dáná sun ońdè. Ta ni ó gbé sìkéèlì jáde?

Lẹ́yìn Ilésà, bí a ṣe ń kọjá Erin-Ìjẹ̀ṣà àti Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà lọ sí ọ̀nà Àkúrẹ́, òórùn kòkó bẹ̀rẹ̀ sí wọ inú ọkọ̀, ó ń kan díẹ̀díẹ̀ bí ọtí àná. Wọ́n sá a sórí tapólì, sórí ẹní, sí etí ọ̀nà ọ̀dà pàápàá. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹ̀yin tí ẹ kò dé oko kòkó rí. Bí wọ́n bá ti fi àdá àti gọ̀gọ̀ ká èso náà, wọn a la á, wọn a kó hóró inú rẹ̀ jọ, wọn a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún ọjọ́ márùn-ún sí méje kí ó lè kan. Lẹ́yìn náà ni wọn a sá a sí oòrùn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, títí omi inú rẹ̀ á fi kù sí nǹkan bí ìpín 7 tàbí 8 nínú ìpín 100. Bí omi bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò bu nínú àpò. Bí wọn kò bá sì jẹ́ kí ó kan dáadáa, inú rẹ̀ yóò dà bí síléètì nígbà tí gírédà bá fi ọ̀bẹ là á. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ẹni tí ó bá yára, kòkó á tú u fó.

Ìdànrè rẹwà, ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí kí n má baà ṣẹ Ẹlẹ́dàá wa. Àpáta yí ìlú náà ká bí ọwọ́ tí ó gbá ọmọ mọ́ra. Orí òkè ni àwọn baba wọn gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, ààfin àtijọ́ wọn sì wà lókè níbẹ̀ síbẹ̀. Wọ́n ní àtẹ̀gùn 667 ni ènìyàn máa gùn. N kò kà á. Eékún mi ti ń kà á fún mi. Ibi tí kòkó wà ni abẹ́ àwọn òkè wọ̀nyí, nínú igbó tútù tí oòrùn kì í fi bẹ́ẹ̀ kan ilẹ̀. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ni ó ti ń ṣíwájú nínú kòkó ní Nàìjíríà tipẹ́tipẹ́, agbègbè Ìdànrè sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọwọ́ọ̀tún rẹ̀.

Mo dé abúlé náà ní ọjọ́ Ẹtì. Mi ò tíì jẹun tán tí ẹ̀sùn fi bẹ̀rẹ̀.

Àwọn àgbẹ̀ ní sìkéèlì díákónì ń jẹ kòkó. Ìwọ̀n tí wọ́n ń gbé kọ́ ni, tí ojú rẹ̀ dà bí ojú aago. Wọ́n ní bí àgbẹ̀ bá gbé kòkó kílò 50 wá láti ilé, ọwọ́ ìwọ̀n náà kì í kọjá 44 tàbí 45. Díákónì kò sẹ́, kò sì gbà. Ohun tí ó sọ fún mi nígbà tí àwa méjèèjì jókòó ní yàrá ni pé: "Pásítọ̀, ẹ má bínú, ẹ̀yin kò mọ ọjà yìí. Gbogbo olùra tí ó wà ní àyíká yìí, bí ìwọ̀n wọn ṣe rí nìyẹn. Bí mo bá tọ́ tèmi, mo ní láti dín owó tí mo ń pè kù. Bí mo bá dín in kù, ta ni yóò gbé kòkó wá fún mi?"

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Ẹ jẹ́ kí á fi owó ṣe àpẹẹrẹ. Olùra kan ń pe kílò kan ní náírà 3,000, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ sọ kílò 50 di 44. Owó tí àgbẹ̀ máa gbà ni náírà 132,000. Olùra kejì ń pe kílò kan ní náírà 2,700, ìwọ̀n rẹ̀ sì tọ́. Owó tí àgbẹ̀ máa gbà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni náírà 135,000. Ẹni tí ó pe owó kékeré ni ó san owó ńlá. Ṣùgbọ́n etí ni àgbẹ̀ fi ń gbọ́ iye owó láti ọ̀nà jíjìn, ìwọ̀n kì í sì í pariwo. Báyìí ni olóòótọ́ ṣe ń jọ ahun, tí olè sì ń jọ ọ̀làwọ́. Nígbà tí ẹ bá rí ẹni tí ó ń ra ọjà ní iye tí ó máa tà á gan-an, tí ó sì tún ń kọ́lé, ẹ béèrè ibi tí èrè rẹ̀ ti ń wá.

Nígbà àtijọ́, ìjọba ni ó ń darí ọjà kòkó nípasẹ̀ bọ́ọ̀dù. Kì í ṣe pé ayé dára nígbà náà. Lára ohun tí ó mú kí àwọn àgbẹ̀ dìde nínú ogun Àgbẹ́kọ̀yà ní 1968 sí 1969, yàtọ̀ sí owó orí, ni ìyà tí wọ́n ń jẹ lọ́wọ́ àwọn tí ń wo kòkó, tí wọn kì í jẹ́ kí ó kọjá láìgba nǹkan. Ní 1986, ìjọba pa bọ́ọ̀dù náà rẹ́. Láti ìgbà náà, ẹni tí ó bá ní owó, àpò àti sìkéèlì ti di olùra. Ọ̀pọ̀ wọn a máa yá àgbẹ̀ lówó ní ìgbà òjò nígbà tí ebi ń pa ilé, kí kòkó tó gbó. Nígbà tí kòkó bá sì dé, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó yá a lówó ni ó gbọ́dọ̀ gbé e lọ, bí ìwọ̀n ibẹ̀ tilẹ̀ wọ́ bí ẹsẹ̀ ejò.

Ṣùgbọ́n àwọn àgbẹ̀ náà ńkọ́? Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, lẹ́yìn ẹ̀kọ́ àárọ̀, mo bi wọ́n léèrè bóyá ẹnikẹ́ni nínú wọn ń bu omi wọ́n kòkó kí ó tó gbé e lọ sórí ìwọ̀n. Ilé náà dákẹ́. Bàbá àgbàlagbà kan dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó ní, "Pásítọ̀, bí wọ́n bá jí kílò mẹ́fà mi, tí mo sì fi omi gba kílò mẹ́fà padà, ta ni mo jẹ ní gbèsè?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, nítorí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ.

Mo sọ fún un pé, "Bàbá, ẹ jẹ ẹnìkan ní gbèsè. Ẹ wo ẹ̀yìn yín."

Opó kan ni ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Gbogbo ìjọ ni ó mọ̀ pé obìnrin náà kì í wọ́n omi sí kòkó. Ọjọ́ méje ni ó ń fi í pamọ́ sábẹ́ ewé, ó ń sá a títí yóò fi máa dún ṣaka nínú àpò. Síbẹ̀, nígbà tí ó bá gbé e dé orí ìwọ̀n, olùra á yọ kílò mẹ́fà, nítorí olùra ti mọ̀ pé àwọn ará abúlé ń wọ́n omi. Òun tí kò bu omi rárá ni ó ń san owó omi gbogbo wọn. Ó wà nínú owó ọkọ̀ tí ó san, bí awakọ̀ wa ti wí. Àwọn tí ń jí ara wọn ti fi ọ̀rọ̀ wọn dọ́gba. Ẹni tí kò jí ni ìyà ń jẹ.

Mo wá ṣí Diutarónómì 25:13-16 fún wọn, níbi tí Olúwa ti kọ̀ fún ènìyàn rẹ̀ láti ní oríṣi ìwọ̀n méjì nínú àpò, ńlá àti kékeré. Kí ni ènìyàn ń fi ìwọ̀n méjì ṣe? Ọ̀kan ni ó fi ń rà, èkejì ni ó fi ń tà. Mo fi hàn wọ́n nínú Ámósì 8:5 pé àwọn kan wà ní Ísírẹ́lì tí ń jókòó nínú ìsìn, tí wọ́n ń retí kí ọjọ́ ìsinmi tètè parí kí wọ́n lè padà sídìí ìwọ̀n èké wọn. A ka Òwe 20:14 pẹ̀lú, nípa ẹni tí ń bu ẹnu àtẹ́ lu ọjà nígbà tí ó ń rà á, tí ó wá ń yangàn nígbà tí ó bá lọ. Àwọn àgbẹ̀ wo ojú díákónì. Nígbà náà ni mo sọ fún wọn kí wọ́n ṣí Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí kẹfà. Kí ni ó bí iṣẹ́ díákónì nínú ìjọ Ọlọ́run? Ẹjọ́ àwọn opó ni, pé a kò fún wọn ní ìpín wọn bí ó ti yẹ. Ọ̀rọ̀ opó àti ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni wọ́n fi yan díákónì àkọ́kọ́. N kò fi kún un, n kò sì yọ kúrò. Mo jókòó.

Opó yẹn ni ó sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò le. Ó ní òun ń kọ́ yàrá kan sí ẹ̀yìnkùlé, sìmẹ́ńtì kan sì wà nílé tí òun kò tíì já. "Wọ́n kọ 50 sí i lára. Ẹ jẹ́ kí a gbé e kọ́."

Bí ẹ̀yin bá wà níbẹ̀! Àwọn ọ̀dọ́ fẹ́ sáré lọ gbé sìmẹ́ńtì náà wá, pásítọ̀ wọn ní kí wọ́n dúró ná, ó ń wo díákónì. Ọkùnrin náà jókòó jẹ́ẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Kò sí ẹni tí ó lè fipá gba sìkéèlì lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun ìní rẹ̀ ni. Mo gbàdúrà nínú ọkàn mi nítorí mo rí i pé bí ó bá bá ẹnu ọ̀nà jáde, ìjọ náà ti pín sí méjì nìyẹn. Ó dìde. Ó gba ẹnu ọ̀nà jáde lóòótọ́. Ó pẹ́ díẹ̀. Nígbà tí ó padà, ó gbé sìkéèlì náà lọ́wọ́ òun fúnra rẹ̀, kò jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ bá a gbé e.

Wọ́n so ó mọ́ ẹ̀ka igi máńgòrò tí ó wà níwájú ilé ìjọsìn. Wọ́n fi okùn gbé sìmẹ́ńtì kọ́ ọ. Ọwọ́ rẹ̀ dúró ní 44.

Kò sí ẹni tí ó hó. Díákónì fa sìpánà yọ nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀. Ó ti mú un bọ̀ láti ilé! Ó yí nọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn ojú ìwọ̀n náà díẹ̀díẹ̀ títí ọwọ́ rẹ̀ fi rìn dé 50. Ó wá yíjú sí ìjọ, ó ní láti ọjọ́ Ajé, náírà 2,700 ni òun yóò máa pè, ẹni tí ó bá fẹ́ 3,000 kí ó lọ sí ibi tí ó wà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbé kòkó omi wá, màá dá a padà. Bàbá, tiyín náà." Bàbá tí ó sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan mi orí. Ní ọjọ́ Ìsinmi, wọ́n gba Oúnjẹ Alẹ́ Olúwa lọ́wọ́ rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo wọn o. Mo ka ènìyàn mẹ́ta tí ó jókòó, n kò sì dá wọn lẹ́bi, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún ni sìkéèlì yẹn ti jẹun.

Ẹ má ṣe rò pé nǹkan rọrùn lẹ́yìn èyí. Pásítọ̀ wọn ń kọ̀wé sí mi. Ní oṣù méjì àkọ́kọ́, àwọn oníbàárà ńlá méjì fi díákónì sílẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ owó tí ó yá a mọ́lẹ̀. Ó ta ọkọ̀ pikí-ọ́ọ̀pù rẹ̀. Ní 2024, owó kòkó lágbàáyé gun òkè dé ibi tí kò dé rí, tọ́ọ̀nù kan kọjá 10,000 dọ́là. Gbogbo ayé ya wọ inú igbó. Àwọn kan ń ra kòkó tí kò tíì gbẹ, tí kò tíì kan pàápàá, àwọn olè sì ń ká a lóru lórí igi. Díákónì tún kọ kòkó omi ní ọdún yẹn, lójú gbogbo ènìyàn. Kò tíì padà di olówó tí ó jẹ́ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n opó náà àti àwọn bíi mẹ́wàá mìíràn ń tà fún un láìgbé ojú wo ojú ìwọ̀n.

Ó fi ohun kan kún un tí ó dùn mọ́ mi nínú púpọ̀. Pọ́ọ̀lù kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ẹ̀sùn kà sí òun lọ́rùn nítorí owó tí òun ń kó fún àwọn ẹni mímọ́, ìyẹn ni ó fi jẹ́ kí ẹni tí àwọn ìjọ yàn bá òun gbé e (2 Kọ́ríńtì 8:19-21). Díákónì fi sìmẹ́ńtì náà sí abẹ́ tábìlì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ lè kọ́kọ́ gbé e kọ́ kí ó tó gbé kòkó tirẹ̀. Nígbà tí ó yá, sìmẹ́ńtì náà di òkúta nítorí òjò. Àgbẹ̀ kan wá bèèrè pé ṣé omi kò ti wọ inú rẹ̀ báyìí, ṣé kò ti ju 50 lọ? Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n díákónì rí i pé òótọ́ ni. Ó wọkọ̀ lọ sí Àkúrẹ́, ó ra irin ìwọ̀n kílò 20 méjì, ó fi ṣéènì so wọ́n mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì.